Ẹyẹ Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Nílé Onílé

Òkun tó ń bì lu etíkun Èkó náà ló yí erékùṣù São Tomé ká. Nínú ẹgàn tó wà ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ẹyẹ akọrin kan ń gbé lókè téńté igi. Láti orí dé ìrù, àwọ̀ kan náà ni: pupa rẹ́súrẹ́sú bí irin tó dógùn-ún. Ẹnu rẹ̀ ni kò jọ tẹyẹ kékeré. Ó tóbi, ó nípọn, ó rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹnu yìí ló ṣì wọ́n lọ́nà nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ.

Ní 1888, Francisco Newton, ará Pọ́túgà tó ń kó ẹyẹ jọ ní erékùṣù náà, fi í ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé Barbosa du Bocage ní Lisbon. Òkú ẹyẹ gbígbẹ ni Bocage rí. Láti ayé ọ̀mọ̀wé Linnaeus ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ti ń jẹ́ orúkọ Látìn méjì: ti ìdílé ń ṣíwájú, àbísọ ń tẹ̀ lé e. Àbísọ kò fa wàhálà: concolor, aláwọ̀-kan. Ní ti ìdílé, Bocage wo ẹnu ńlá yẹn, ó ní ọmọ ilé Amblyospiza ni, ìyẹn mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà kan tí ẹnu tirẹ̀ náà nípọn, tó sì wà ní Nàìjíríà títí dòní. Àwa máa ń ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹnu ni ọ̀mọ̀wé yìí wò. N kò dá a lẹ́bi, nítorí ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò ju awọ àti ìyẹ́ lọ.

Ní 1903, Salvadori ará Ítálì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó dá ilé tuntun sílẹ̀ fún un: Neospiza. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà yẹn, ẹyẹ ọ̀hún ti dàwátì. Lẹ́yìn 1890, kò sẹ́ni tó fojú kàn án mọ́. Iná tún jó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lisbon, níbi tí òkú ẹyẹ tí Bocage rí wà, ní 1978. Àfi ní 1991 tí àwọn tó ń wá ẹyẹ tún bá a pàdé láàyè nínú igbó. Ọdún 101!

Nígbà tó di 2017, Martim Melo àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò DNA rẹ̀ jáde. Kànárì ni! Mọ̀lẹ́bí àwọn ẹyẹ olóhùn iyọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú àgò ni. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo kànárì ayé. Ó fi ìdajì wúwo ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Erékùṣù yẹn kò so mọ́ ilẹ̀ ńlá rí, ẹyẹ díẹ̀ ló fò débẹ̀. Níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń bá a du èso líle, ara àti ẹnu ń tóbi láti ìran dé ìran. Ìwọ̀nba tó kù kò pọ̀, ẹgàn yẹn nìkan ló sì ní.

Bí wọ́n ṣe mú un padà sílé àwọn kànárì nìyẹn: Crithagra concolor. Àbísọ rẹ̀ kò yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n ń kọ Bocage, 1888 sínú àkámọ́. Àkámọ́ yẹn ló ń sọ pé Bocage ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé tó fi í sí kọ́ ló ń gbé mọ́.