ÒǸTẸ̀ OWÓ: BÍ A TI Ń ṢE É ÀTI BÍ Ó TI Ń GBÓ

Gbogbo ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́ ni ó mọ̀ pé Olúwa wa ní kí a mú owó kan wá, tí ó sì bèèrè àwòrán ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti bèèrè bí àwòrán ti ṣe ń dé ara owó? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní ìgbà tí àwọn baba wa ń ná ṣílè, ẹni tí ó gbé ẹja láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ọjà Ìkòròdú, tàbí tí ó ta epo ní Ẹ̀pẹ́, lè pàdánù èrè ọjọ́ kan bí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin owó tí ọwọ́ ti nù, owó tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti gbó, àti ayédèrú owó.

Ní ọdún 1907 ni kọ́bọ̀ tí ó ní ihò láàrin kọ́kọ́ jáde fún ilẹ̀ wa, tí a fi lè sin owó sí okùn gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin owó ẹyọ. Ní ọdún 1912 ni a dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣílè rẹ̀ tí a fi fàdákà ṣe sì jáde ní ọdún 1913. Òkè òkun ni a ti ń tẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H lára irú owó bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni ó tẹ̀ ẹ́. KN sì ni àmì ilé iṣẹ́ King's Norton.

Ní ayé ìgbà náà, báyìí ni a ti ń ṣe òǹtẹ̀. Ayàwòrán a kọ́kọ́ mọ àwòrán owó náà ní títóbi bí àwo oúnjẹ, a ó sì yọ ẹ̀dà rẹ̀ ní ohun líle. Ẹ̀rọ kan a máa fi abẹ́rẹ́ tọ ojú àwòrán ńlá náà. Bí ó ti ń tọ̀ ọ́ ni ọ̀bẹ kékeré kan ń gbẹ́ irú rẹ̀ gan-an sí ara irin, ní ìwọ̀n owó. Lára irin yìí, àwòrán yọ síta. A ó mú un le, a ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kejì tí ó ṣì rọ̀; lára èyí, àwòrán wọ inú. Èyí ni ìyá òǹtẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń tẹ irin kẹta, tí àwòrán rẹ̀ tún yọ síta. Irin kẹta yìí ni ó sì ń tẹ àwọn òǹtẹ̀ tí yóò ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe wí pé wàhálà yìí pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í se ẹ̀bù iṣu rẹ̀ jẹ. A pa ìyá òǹtẹ̀ mọ́ kí ó má ba à gbó. Bí ọmọ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, a ó bí òmíràn tí ó jọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a ó fi iná sun òǹtẹ̀ títí yóò fi pọ́n, a ó tì í bọ omi tàbí òróró, a ó sì tún fi iná díẹ̀ dẹ̀ ẹ́. Alágbẹ̀dẹ wa mọ ìdí rẹ̀: àdá tí ó le jù a máa ṣẹ́, èyí tí ó rọ̀ jù a máa ká lójú. Òǹtẹ̀ méjì ni ó sì ń tẹ owó kan, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní òkè. Òrùka irin tí ó yí owó ká ni ó ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sí etí ṣílè.

Òǹtẹ̀ mìíràn lè tẹ owó 100,000 kí ó tó kú. Òmíràn a sì fọ́ láìpẹ́. Ohun tí ó ń pa á a máa hàn lára owó. Nígbà tí a bá tẹ owó, irin owó a máa ṣàn láti àárín lọ sí etí, a sì máa họ ojú òǹtẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbàrá ti ń họ ilẹ̀. Nígbà náà ni lẹ́tà yóò wú, tí ìlà bí ìtànṣán oòrùn yóò hàn lára owó. Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin owó yóò wọ inú sísán náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì yọ síta lára owó. Bí ẹyọ rẹ̀ bá já, kókó tí kò ní àwòrán ni a ó rí níbẹ̀. Bí òǹtẹ̀ méjì bá sì kọlu ara wọn láìsí owó láàrin, òjìji ojú kan yóò hàn lójú kejì. Òǹtẹ̀ tí ó ti kú ni a ń bàjẹ́ pátápátá, kí ẹni ibi má ba à rí i lò.

Ní ọdún 1920, nítorí pé fàdákà ti wọ́n, Ìgbìmọ̀ náà fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ bí a ti ń rọ idẹ. Nítorí náà ayédèrú ṣílè pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn díẹ̀ fi ba orúkọ ọ̀pọ̀ olóòótọ́ jẹ́.

Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ a máa fi owó tòótọ́ ṣe ojú sí amọ̀, a sì da idẹ yíyọ́ sí i. Ṣùgbọ́n idẹ a máa súnkì bí ó bá tutù. Nítorí náà owó náà a kéré díẹ̀ sí tòótọ́, ihò wẹ́wẹ́ a máa wà lójú rẹ̀, ìlà etí rẹ̀ kì í sì í já gaara. Àmì mìíràn tún wà. Bí owó méjì bá ní ìlà kan náà tí ó yọ síta, ó lè jẹ́ pé òǹtẹ̀ kan náà tí ó sán ni ó tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àpá kan náà tí ó wọ inú, ní ibì kan náà, ẹ fura: àpá tí owó gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ná an kì í bára mu.

Ní ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Bí ẹ bá rí ṣílè àtijọ́ nínú àpótí àwọn àgbà, ẹ wo etí rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Owó tí lẹ́tà rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ kò sì dán, lè jẹ́ ojúlówó tí òǹtẹ̀ arúgbó tẹ̀. Èyí tí ń dán lè jẹ́ irọ́. Ẹni tí ó kọ owó òtítọ́ lọ́wọ́ opó nítorí ojú rẹ̀ kò dára ti rẹ́ ẹ jẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ayédèrú san án.