Ẹyin Tó Ti Wọ Ẹ̀rọ Ìsàba Kì Í Ṣe Oúnjẹ Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin adìẹ nínú ilé ní Kabba níbí, ọjọ́ 21 ni ẹyin ń lò kó tó pa, nínú ooru ìwọ̀n 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ máa yí i, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí di ọjọ́ 18. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ náà, kí ooru má bàa jáde.

Lọ́jọ́ keje, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò nínú òkùnkùn. Èyí tó ní ọmọ á fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín hàn; èyí tí kò ní á mọ́ gaara.

Ibí gan-an ni ewu wà. Àwọn ìyá mìíràn á ní kí oúnjẹ má ṣòfò, wọn á dín èyí tí kò lọ́mọ fún àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ooru tó ń sọ ẹyin di òròmọdìẹ náà ló bá kòkòrò salmonella lára mu. Ẹyin náà lè má rùn rárá. Kòkòrò yìí ń fa ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì máa ń le fún ọmọdé, aláboyún àti arúgbó.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ má gbé ẹ̀rọ náà sí ilé ìdáná. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹyin kan kò tó owó ìtọ́jú.