Ta Ló Ni Orúkọ? Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí Ń Ta Páàtì

Ní ìparí oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta páàtì ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba gbogbo owó àjẹṣẹ́kù àwọn, kò gbọdọ̀ ku kọ́bọ̀. Akápò wa bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé kò sí o?" Wọ́n fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò. Lọ́yà ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ló kọ ọ́. Lẹ́tà náà ní ìyá yìí ń lo orúkọ ilé iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ lórí pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn àti lára ọjà wọn. Ó ní kí wọ́n yọ pátákó, kí wọ́n kó ọjà sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn jẹ̀bi, kí wọ́n sì san owó ìtanràn láàárín ọjọ́ méje. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó di kóòtù.

Owó tí lẹ́tà náà dá lé wọn lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa láti ọdún mẹ́sàn-án. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó ná, a bu omi fún wọn mu. Ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹnikẹ́ni nínú wa, yálà ẹni tí ń ta páàtì ọkọ̀, páàtì jẹnẹrétọ̀, tàbí páàtì fóònù. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a tú u palẹ̀ nínú ìwé ìròyìn oṣù yìí.

KÍ NI ÀMÌ ÒWÒ?

Láyé àtijọ́, ilà ojú ń sọ ìdílé tí ènìyàn ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì òwò ń sọ ọwọ́ tí ọjà ti wá. Ó lè jẹ́ orúkọ, ó lè jẹ́ àwòrán. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ta irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kí a máa bínú sí onílé iṣẹ́ pé ó ń ṣọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo ọjà wa níhìn-ín. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tó bá ti jáde, Omo ni à ń pè é, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ọmọ tí a bá rán níṣẹ́ pé kó ra Indomie lè mú núdù mìíràn bọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí. Dídùn ni èyí ń dùn létí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló jẹ́ fún ẹni tó ni orúkọ. Ní Amẹ́ríkà ní 1921, kóòtù sọ pé létí àwọn tí ń ra oògùn lò, Aspirin kì í tún ṣe orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ Bayer mọ́, ó ti di orúkọ oògùn náà fúnra rẹ̀. Orúkọ tí olówó rẹ̀ kò bá ṣọ́, gbogbo ayé ni yóò pín in.

Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ orúkọ ní ààlà. Ibi tí ààlà náà wà gan-an ni ìjà máa ń wà.

ÌJÀ LÓRÍ ÈRE SỌ́JÀ

Àwọn kan wà ní òkè òkun tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń najú ni kí wọ́n máa kun ère sọ́jà kéékèèké lọ́dà, kí wọ́n tò ó sórí tábìlì, kí wọ́n sì máa fi ja ogun àròsọ, bí àwa náà ṣe ń ta ayò. Kì í ṣe ọmọdé nìkan. Àgbàlagbà tó níṣẹ́, tó ní ìyàwó nílé, ń náwó lé e lórí. Ìlú-mọ̀ọ́ká nínú òwò yìí ni ilé iṣẹ́ Games Workshop, ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eré wọn tí ń jẹ́ Warhammer 40,000 jáde ní 1987.

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kékeré kan wà tí ń jẹ́ Chapterhouse Studios. Páàtì ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń tà: ìhámọ́ra èjìká, orí, idà, ìbọn, tí ènìyàn lè lẹ̀ mọ́ ère tó ti rà lọ́wọ́ Games Workshop, kí tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé òwò tiwa náà nìyẹn? Ẹni tí ń ta ìbòrí àga ọkọ̀ kò ta ọkọ̀. Oníbàárà ti ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó bá a mu ló ń wá. Báwo wá ni ọlọ́jà yóò ṣe polówó láìdárúkọ ohun tí ọjà rẹ̀ bá mu?

Ní oṣù Kejìlá 2010, Games Workshop gbé Chapterhouse lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Chicago. Ẹ̀sùn jẹ́ oríṣi méjì. Wọ́n ní ó ń lo orúkọ àti àmì àwọn, wọ́n sì ní ó ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ ọnà àwọn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kò lè ru irú ẹrù owó lọ́yà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí irú ìwé yìí bá bá, ńṣe ni wọ́n máa ń palẹ̀ ọjà mọ́. Oore tó ṣe Chapterhouse ni pé ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá kan, Winston & Strawn, gbà láti bá a rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹjọ́ náà falẹ̀ fún ọdún méjì ààbọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2013, júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí òfin ibẹ̀ ń pè láti bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́, sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n dá Games Workshop láre lórí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀sùn àdàkọ, wọ́n sì ní kí Chapterhouse san $25,000. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ àti àmì, Chapterhouse jẹ̀bi àwọn kan, ó sì jàre àwọn kan. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní 2014 àwọn méjèèjì parí rẹ̀ láàárín ara wọn.

Ẹ má ṣe sọ pé ọmọ kékeré na bàbá. Kò nà án. Ẹ má sì sọ pé bàbá na ọmọ tán. Ohun tí a rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí lẹ́tà lọ́yà bá kà sílẹ̀ ló jẹ́ òótọ́ níwájú òfin. Bí ọkùnrin yìí bá fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹ̀sùn ni ìbá gbà, àtèyí tó jẹ̀bi àtèyí tí kò jẹ̀bi.

Ọ̀ràn mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà. Ní ìparí 2012, ìwé ìtàn tí òǹkọ̀wé M.C.A. Hogarth ń tà lórí Amazon, Spots the Space Marine, di èyí tí wọ́n ká kúrò lórí àtẹ, nítorí Games Workshop ní àwọn ló ni ọ̀rọ̀ náà, "Space Marine". Bẹ́ẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn láti 1932. Nígbà tí àwọn ènìyàn pariwo, tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan sì dá sí i, ìwé náà padà sórí àtẹ ní oṣù Kejì 2013. Obìnrin náà kò lówó tí yóò fi jẹ́jọ́. Ariwo àwọn tó dúró tì í ló gbà á.

ÀWỌN KÓÒTÙ TI FA ÌLÀ

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Finland tí ń ta abẹ ìfárùngbọ̀n. Ó lẹ sítíkà mọ́ páálí rẹ̀ pé abẹ náà bá èèkù Gillette Sensor mu. Gillette pè é lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù gíga ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìdáhùn sì jáde ní oṣù Kẹta 2005. Kóòtù ní ọlọ́jà lè dárúkọ ẹlẹ́rọ bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tí oníbàárà yóò fi mọ ohun tí páàtì náà wà fún, ṣùgbọ́n kó ṣe é tòótọ́-tòótọ́. Ó ka ohun mẹ́rin tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀: kí ènìyàn ṣe bí ẹni pé òun àti olórúkọ jọ ń ṣòwò, kó máa jẹ lára iyì orúkọ náà láìtọ́, kó bu orúkọ náà kù, tàbí kó pe ọjà tirẹ̀ ní àfarawé ti olórúkọ.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1999, kóòtù yẹn kan náà gbọ́ ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ní Netherlands tí ń tún ọkọ̀ BMW ṣe, tí ń ta àlòkù rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe aṣojú BMW. Kóòtù ní wọn kò lè dí i lọ́wọ́ láti sọ pé iṣẹ́ BMW lòun mọ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kó jẹ́ kí ènìyàn rò pé aṣojú ilé iṣẹ́ lòun.

Ẹni kan lè ní, òfin òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn wá. Òfin àmì òwò tí a ń lò ní Nàìjíríà, ti 1965, tọ ipasẹ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1938. Abala 5 rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ń ta páàtì tàbí ohun èlò tó bá ọjà mìíràn mu kò ṣẹ̀ sí olórúkọ bó bá dárúkọ ọjà náà, bí dídárúkọ náà bá pọn dandan láti fi hàn pé páàtì náà bá a mu, tí kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ nípa ọwọ́ tí páàtì ti wá. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú òfin wa, àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí a lò ó.

Òfin mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejì 2023 tún fi ìrísí ọjà àti páálí rẹ̀ kún ohun tó lè jẹ́ àmì òwò. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣe páálí tó jọ ti ẹlòmíràn bí ìbejì, kó yáa ṣọ́ra. Ẹni tí ń ta bíréèkì ayédèrú nínú páálí ojúlówó, kí ó má ṣe sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí. Ẹ̀mí ènìyàn lò ń tà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ kọ "ó bá ẹ̀rọ báyìí mu," ẹ má ṣe kọ "ti ẹ̀rọ báyìí." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, òun ló ya olóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú.

2. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni kó tóbi jù lórí pátákó. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ ní lẹ́tà lásán, ẹ má ṣe ya àwòrán àmì wọn.

3. Bí páàtì bá jẹ́ tòkunbọ̀ tàbí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ sọ fún oníbàárà, ẹ sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

4. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ibi tí ẹ ti ra ọjà. Òun ni ẹlẹ́rìí yín.

5. Bí lẹ́tà lọ́yà bá dé, ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ má sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá wa ṣe parí. Akọ̀wé àti ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ lọ́yà bá wọn dé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ méjì. Lórí pátákó, ìyá kọ ọ́ pé àwọn ń ta páàtì tó bá ẹ̀rọ náà mu. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí páálí bọ́bìnì mẹ́ta tí ẹni tó tà á fún wọn ti lẹ àmì ilé iṣẹ́ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà kọ́ ló ṣe é. Ìyá kò mọ̀, ṣùgbọ́n àìmọ̀ kò sọ ayédèrú di ojúlówó. Wọ́n kó páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Lọ́yà wa fèsì lẹ́tà, ó gba èyí tó tọ́, ó kọ èyí tí kò tọ́, ó sì tọ́ka sí abala 5. Lọ́yà ilé iṣẹ́ náà tún kọ̀wé padà pé kí wọ́n má tún ta bọ́bìnì yẹn mọ́, kò sì dárúkọ owó mọ́. Pátákó ìyá ṣì wà níbi tó wà. Owó àjẹṣẹ́kù wọn ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò ní ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ lọ́yà nítòsí lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ yóò gbé àbá kan wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, pé kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ìmọ̀ràn òfin. Ẹ wá, kí ẹ sì sọ tinú yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe ni a ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ọjà á tà o. A ò ní ṣòwò pàdánù.