Ọ̀ta Tí Kò Ní Ọwọ́

Ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn àgbà ń ta lábẹ́ igi l'Abẹ́òkúta ti di ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń ta. Ihò méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó kàn á kó ihò kan, á máa jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó bá níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́.

Ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ ayò ta dáadáa, a máa wo èyí tó fẹ́ jẹ nìkan. Ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dunjú, ti ń wo ohun tí ẹnìkejì máa fi fèsì, àti ohun tí òun náà máa fi dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, àfi pé kì í rẹ̀ ẹ́. Bí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń lọ́mọ nínú ní gbogbo ìgbà, títa mẹ́rin péré á bí ọ̀nà 1,296.

Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí Yunifásítì Covenant àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní Yunifásítì Èkó tẹ iṣẹ́ jáde lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi ìrírí kọ́ ayò títa. Ọ̀tà ni Covenant wà. Orúkọ ìlú náà kúkú fẹ́ jọ ti ọ̀ta ayò.

Eré Go ti àwọn ará Ṣáínà le ju ayò lọ fún kọ̀ǹpútà. Ojú 361 ló wà lórí pátákó rẹ̀. Oṣù kẹta 2016 ni ètò kọ̀ǹpútà AlphaGo tó na Lee Sedol, ọ̀gá Go ní Kòríà, 4 sí 1.

Ti ayò ti parí ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam gbé Awari, tí òfin rẹ̀ fara jọ ti ayò gan-an, fún kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144. Kò wo iwájú rárá. Ìparí ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọ díẹ̀ bíńtín ṣẹ́kù sójú ọpọ́n, ó ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ọmọ kún un, títí ó fi padà dé 48. Wákàtí 51 ló fi yẹ ipò 889,063,398,406 wò. Bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣàṣìṣe bá jókòó síwájú ara wọn, 24 sí 24 ni: ọ̀mì.