Eré Oníṣe Láyé Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Gíríìkì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìdárayá nìkan ni eré oníṣe wà fún. Èrò àwọn ará Áténì ayé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ọ̀ràn òrìṣà ni eré, ọ̀ràn ìlú sì ni pẹ̀lú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì. Nínú ọdún náà, akéwì mẹ́ta a máa figagbága. Ẹnì kọ̀ọ̀kan a gbé eré ìbànújẹ́ mẹ́ta àti eré ẹ̀fẹ̀ kan kalẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ìlú ní ń náwó lórí àwọn elégbè. Àwọn adájọ́ tí a ṣẹ́ gègé yàn ní í sì í sọ ẹni tó borí.

Gbangba ni eré ti ń wáyé. Àwọn òǹwòran a jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àwọn elégbè a sì máa kọrin, wọn a máa jó, lójú agbo nísàlẹ̀. Ọkùnrin nìkan ní ń ṣeré. Ìbòjú tí wọ́n ń lò ló jẹ́ kí ẹnì kan lè ṣe ọba, kí ó sì tún ṣe ayaba. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òṣèré kan ṣoṣo ló ń bá àwọn elégbè sọ̀rọ̀. Aeschylus sọ ọ́ di méjì, Sophocles sọ ọ́ di mẹ́ta. Báyìí ni àríyànjiyàn láàárín òṣèré sí òṣèré ṣe wọ inú eré.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ wo ni akéwì lè sọ lójú ìlú? Ní ọdún 494 ṣáájú ìbí Kristi, ogun Páṣíà kó Míletù, ìlú tó bá Áténì tan. Nígbà tí Phrynichus fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣeré, gbogbo òǹwòran bú sẹ́kún. Òpìtàn Herodotus ròyìn pé wọ́n bu owó ìtanràn 1,000 dírákímà lé e nítorí pé ó rán wọn létí àjálù ara wọn, wọ́n sì fòfin de eré náà. Ní ọdún 472, Aeschylus gba ọ̀nà mìíràn. Ààfin Páṣíà ni ó fi ṣe ibùdó eré tirẹ̀; ẹkún àwọn ọ̀tá tí a ṣẹ́gun ní Sálámísì ní ọdún 480 ni ó fi han àwọn aṣẹ́gun. Òun ló gba ipò kìíní. Nínú àwọn eré ìbànújẹ́ Gíríìkì tó ṣẹ́ kù lódindi, èyí nìkan ló dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ayé akéwì. Àwọn yòókù gba inú ìtàn ìwáṣẹ̀ bá ìlú wí, bí àgbà ti í fi òwe tú ọ̀rọ̀ tó bá ṣòro sọ ní tààrà.

Ọ̀nà yìí kan náà ni Ọlá Rótìmí tọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà. Ó sọ ìtàn Oedipus, ọba inú eré Sophocles, di ti Ọdẹ́wálé, ọba ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ẹ̀tanú ẹ̀yà wà lára ohun tó ṣubú lé e. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka eré Gíríìkì, kí ó má ṣe béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọba nìkan. Kí ó béèrè ọgbẹ́ tó wà lára ìlú tó jókòó wò ó.