Ẹ̀kọ́ èdè Japan: Ìlànà gírámà méjì lóòjọ́ ti tó

Nígbà tí ariwo gba ìgboro nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé Japan fẹ́ máa fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní físà àkànṣe láti lọ máa gbé ìlú Kisarazu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára àwọn tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti di òfo. Ìjọba Japan ní kò sí físà kankan tó jọ bẹ́ẹ̀, àjọ JICA tó gbé ètò náà kalẹ̀ sì fagi lé e. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí ti fowó ra ìwé èdè Japan, mo sì ní kó má pa á tì.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀nà kan wà tí kì í ṣe àhesọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Japan ti ń gba òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn iṣẹ́ bíi títọ́jú arúgbó, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ yóò ṣe ìdánwò iṣẹ́, tí kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń ṣe é, yóò sì ṣe ìdánwò èdè. Ìdánwò èdè tí wọ́n ń pè ní JLPT ní ìpele 5. N5 ló rọrùn jù, N1 ló le jù. N4, tàbí ìdánwò mìíràn tí wọ́n gbà dípò rẹ̀, ni wọ́n ń béèrè.

Ìkánjú ló kọ́kọ́ kó bá ọmọ náà. Ìlànà gírámà mẹ́wàá ló ń kọ sínú ìwé lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ti kún. Mo ní kó fi èdè Japan sọ fún mi pé òun jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Òrùlé ló ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń bọ̀ lẹ́nu mi." Kò bọ́ sí i lẹ́nu títí mo fi lọ.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1885 lórí bí èèyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò. Ó rí i pé láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun téèyàn kọ́ ti ń sá lọ, àti pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a rọ́ pọ̀ sójú kan lọ. Ẹni tó ń fi mẹ́wàá kún mẹ́wàá kò ráyè padà sẹ́yìn rárá.

Ìmọ̀ràn tí mo fún un kò le. Méjì péré ni kó kọ́ lóòjọ́, kó má ju mẹ́ta lọ, kó sì tó ṣí ojú ewé tuntun, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ti àná àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwé tó ń lò, Minna no Nihongo, jẹ́ apá méjì tí ẹ̀kọ́ 25 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ka ẹ̀kọ́ kan lọ́sẹ̀, bí oṣù mẹ́fà ni yóò fi parí apá kìíní, ọdún kan ni yóò sì gbà á láti parí méjèèjì kó lè gbójú lé N4. Oṣù keje àti oṣù kejìlá ni ìdánwò JLPT máa ń wáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Láti ọjọ́ ìdánwò ni kéèyàn ti ka ọ̀sẹ̀ padà wá sí òní.

Àwọn ibì kan wà tí ọmọ Yorùbá lè yára. Bọ́ọ̀lù wa, bōru ni tiwọn. Mílíìkì wa, miruku ni tiwọn, nítorí àwọn náà kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò sì jẹ́ tuntun sí wa. Ní Tokyo, hashi tó bẹ̀rẹ̀ lókè ni igi tín-ín-rín méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hashi tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ni afárá. Ẹni tó mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́ kò ní ṣòro kọ́.

Ọ̀wọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. "Taberu?" téèyàn bi àgbàlagbà dà bíi kí ọmọdé bi bàbá rẹ̀ pé "Ṣé o máa jẹun?" Ṣùgbọ́n níbi tí àwa ti ń yí "o" sí "ẹ", ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ni wọ́n ń yí, taberu á di meshiagaru. Òpin gbólóhùn sì ni ọ̀rọ̀ ìṣe yìí máa ń wà.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti fẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́ ni ẹ̀kọ́ 14. Níbẹ̀ ni ìwé náà ti kọ́ni bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe ń paradà sí "te". Kaku, ìyẹn kíkọ̀wé, á di kaite. Nomu, mímu, á di nonde. Matsu, dídúró deni, á di matte. Èèyàn á wá rò pé iku, lílọ, yóò tẹ̀ lé kaku. Rárá o, itte ni. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó kù jókòó lé: kaite kudasai ni "jọ̀ọ́, kọ ọ́", kaite imasu ni "ó ń kọ ọ́". Ẹni tó bá sáré kọjá níbẹ̀ yóò padà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní kó fún un, kó dá ìlànà tuntun mìíràn dúró ná.

Ẹ̀kọ́ 14 yìí náà ló wà nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ wọn kẹ́yìn. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ṣàròyé pé "kaite, nonde" ló ń sọ látorí kànga dé ilé ìdáná. Mo tún bi í nípa ìrẹsì àárọ̀. Kò wo òrùlé mọ́.

"Pan o tabemashita." Ó ní búrẹ́dì lòun jẹ.