Síìmù Méjì, Orílẹ̀-èdè Méjì: Bí Fóònù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lágbègbè Ẹnu Bodè Yewa

Ẹni tó bá ti Ayétòrò gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ sí Ìlárá lè má tíì fojú kan òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ilẹ̀ Benin kan ṣoṣo tí fóònù rẹ̀ yóò ti sọ fún un pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni káàbọ̀ á wọlé, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè ojú fóònù á yí padà, lẹ́tà R kékeré kan á sì yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹsẹ̀ onítọ̀hún ṣì wà. Bí wọ́n bá pè é lásìkò náà, owó lè kúrò nínú kírẹ́dítì rẹ̀ fún ìpè tí kì í ṣe òun ló pè é. Bí ó bá sì tan dátà sílẹ̀, ohun tí yóò lọ lè ju ti ìpè lọ fíìfíì.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà tó la agbègbè yìí já. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá fúnra rẹ̀ pín sí méjì: ọ̀kan ní Nàìjíríà, èkejì, tí wọ́n ń pè ní Ìlárá-Kanga, ní Benin. Ìgbì rédíò tó ń ti orí máàsì, òpó gíga àwọn iléeṣẹ́ fóònù, jáde kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé. Lórí ẹ̀rọ GSM ti àkọ́kọ́, èyí tí a mọ̀ sí 2G, máàsì kan lè bá fóònù tó jìnnà sí i tó kìlómítà 35 sọ̀rọ̀, níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú tí òkè tàbí ilé gíga kò sì dí i lọ́nà. Ìdí tí kò fi lè kọjá 35 ni pé fóònù kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá tín-ín-rín tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Èyí tó bá jìnnà jù, ìdáhùn rẹ̀ á pẹ́ dé, á sì kọlu ti ẹlòmíràn tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Láàárín kìlómítà 35, ènìyàn á ti ré ààlà kọjá dáadáa.

Báwo wá ni fóònù ṣe ń mọ èyí tí yóò mú? Gbogbo máàsì ló ń kéde nọ́ńbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìsinmi. 621 ni ti Nàìjíríà, 616 ni ti Benin. Nọ́ńbà ilé wà lára síìmù, òun sì ni fóònù kọ́kọ́ ń wá. Ìgbà tí kò bá rí ti ilé, tàbí tí ti ilé rẹlẹ̀ débi pé kò ṣeé lò, ni yóò tó gbà láti ṣe àlejò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni káàbọ̀ tó wọlé sórí ilẹ̀ wa, ìròyìn nípa àwọn máàsì tiwa ló jẹ́ ní tòótọ́. Ó ń sọ pé níbi tí ẹ dúró sí yìí, ará Benin ni ohùn rẹ̀ ròkè.

Àwọ̀ iléeṣẹ́ kan náà tún máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. MTN wà ní Nàìjíríà, MTN wà ní Benin, àwọ̀ ìyeyè kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lábẹ́ òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síìmù ti ibí sì di àlejò ní kété tó bá bọ́ sórí máàsì ti ọ̀hún. Glo náà dé Benin ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ni MTN, Moov àti Celtiis tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022.

Ojútùú rẹ̀ wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Nínú ètò síìmù, ènìyàn lè pa àṣàyàn tí fóònù ń dá ṣe, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà tó fẹ́, kí ó sì pa dátà tí wọ́n ń kọ “roaming” sí. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì náà ní ibi tí a ti ń ṣe é. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yàn kò bá sí, fóònù á dákẹ́ lọ gbári. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè yìí fi ń lo síìmù méjì, mẹ́ta nígbà mìíràn. Kì í ṣe fáàrí.

Àṣà síìmù púpọ̀ yìí ti wà kí ó tó di pé fóònù tó ń gbà á dé. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, lábẹ́ Ernest Ndukwe, ta ìwé àṣẹ GSM ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tajà fún ará ìlú. Síìmù nìkan lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà nígbà náà, owó tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí gbà lóṣù kan. Oṣù Kẹjọ 2003 ni Glo wọlé, tó sì ń gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá dípò odindi ìṣẹ́jú, ni àwọn yòókù bá tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ kan já fáfá nílùú yìí, ó kú nílùú kejì. Pípe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sì wọ́n ju pípe ẹni tiwọn. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù méjì, ọ̀kan lápò, ọ̀kan lọ́wọ́.

Nokia ni ọba fóònù láyé ìgbà náà, ó sì yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nokia 1100 tó jáde ní 2003 ní tọ́ọ̀ṣì lórí, wọ́n ṣe bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ lọ́jọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n Nokia kò dá ìṣòro fóònù méjì lóhùn títí di ọdún 2010 tó gbé C1-00 jáde, síìmù kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí ìyẹn. Kí ó tó dé, ẹlòmíràn ti gba ọjà.

Ẹni náà ni Zhu Zhaojiang, ará Ṣáínà tó ti bá iléeṣẹ́ Ningbo Bird ta fóònù káàkiri ayé. Ní 2006 ó dá Tecno sílẹ̀, nígbà tó sì di 2008 ó kọjú sí ilẹ̀ Áfíríkà tààrà. Fóònù síìmù méjì ni wọ́n fi wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bátìrì ńlá fún ibi tí iná kì í dúró, àti kámẹ́rà tí wọ́n tún ṣe kí àwòrán aláwọ̀ dúdú má baà di òkùnkùn biribiri tó ku eyín nìkan. Wọ́n dá Carlcare sílẹ̀ fún àtúnṣe, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sí Ethiopia ní 2011. Tecno, itel àti Infinix ti di ọmọ ìyá kan lábẹ́ Transsion, iléeṣẹ́ tó wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní Shanghai ní oṣù Kẹsàn-án 2019. Fóònù wọn ló kún ìsọ̀ àwọn tó ń ta fóònù, láti Ìlaròó dé Ayétòrò. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n béèrè bí ènìyàn ṣe ń gbé kí wọ́n tó dárà sí ẹ̀rọ.

Ìyẹn kò sọ wọ́n di aláìlẹ́bi. Ní oṣù Kẹjọ 2020, àwọn olùwádìí iléeṣẹ́ Upstream fi hàn pé fóònù Tecno W2 kan wà tí wọ́n tà ní Ghana, Cameroon, Ethiopia, Egypt àti South Africa, tí kòkòrò Triada àti xHelper ti wà nínú rẹ̀ kí ẹni tó rà á tó ṣí páálí. Kòkòrò náà ń forúkọ onífóònù sílẹ̀ fún ohun tí kò béèrè, owó sì ń lọ. Transsion ní ọwọ́ ẹnìkan tó ń bá wọn ṣe lára iṣẹ́ náà ló ti wọlé, àti pé àwọn ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Fún ẹni tó fi ìṣẹ́ àti òógùn ra fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ẹni tí kírẹ́dítì rẹ̀ bá ń sá láìnídìí, kí ó kọ́kọ́ wo àwọn áàpù tí kò mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tó wúlò jù lórí fóònù ní àdúgbò bí èyí kì í ṣe áàpù rárá. Kóòdù ni: *894# ti First Bank, *737# ti GTBank, *919# ti UBA àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. USSD ni orúkọ ètò tó ń gbé wọn. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ojú ọ̀nà kékeré tí máàsì fi ń ṣètò ìpè ló ń gbà kọjá, lẹ́tà 182 péré sì ni ọ̀rọ̀ kan lè gbé. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì tí àgbẹ̀ fi sápò lọ oko lè tipa bẹ́ẹ̀ fowó ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fóònù olówó ńlá tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà Olabisi Onabanjo University tó wà ní Ayétòrò.

Láti oṣù Kẹfà 2025, inú kírẹ́dítì ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀, náírà 6.98 fún ìṣẹ́jú àáyá 120. Tẹ́lẹ̀, báǹkì ló ń yọ ọ́ nínú àkáǹtì. Iye náà kéré lójú. Ṣùgbọ́n níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já, ẹni tó ti débi tí yóò tẹ nọ́ńbà àṣírí tí ìlà sì já, á tún bẹ̀rẹ̀, á sì tún san òmíràn. Bí fóònù bá tilẹ̀ ti bọ́ sórí máàsì Benin, kóòdù lè má ṣí rárá. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ burú jù ló ń sanwó jù.

Ewu kan tún wà níbẹ̀ tí kò gba àfojúfò. Olè tó jí fóònù kò nílò láti ṣí i. Á yọ síìmù, á kì í bọ fóònù mìíràn, á sì máa gbìyànjú kóòdù báǹkì. Láti 2018 ni Central Bank ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà ṣe òpin ohun tí oníbàárà lè fi USSD ná lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tó láti da ọjà ènìyàn rú. Ààbò tó dájú ni kí a fi nọ́ńbà àṣírí ti síìmù pa nínú ètò fóònù, kí ó lè máa béèrè rẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá kì í bọ fóònù. Nọ́ńbà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ iléeṣẹ́ síìmù ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀. Ẹ má ṣe méfò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni síìmù ń gbà kí ó tó ti ara rẹ̀ pa.

Ìgbà tí náírà bẹ́bà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni OPay àti PalmPay, áàpù tí a fi ń fowó ránṣẹ́, di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. PalmPay ti wà lórí fóònù Transsion kí ènìyàn tó rà á, nítorí Transsion wà lára àwọn tó fi owó dá a sílẹ̀ ní 2019. Ní Benin, iléeṣẹ́ fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ náà, MTN MoMo àti Moov Money, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Ní Nàìjíríà, báǹkì ni ìjọba kọ́kọ́ fún láyè, oṣù Karùn-ún 2022 ni MTN tó rí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ MoMo tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí báǹkì ìsanwó.

Ẹni tó ń bá ará Pọ̀bẹ̀ tàbí Kétu ṣòwò, kí ó tètè ṣàyẹ̀wò àwọn nọ́ńbà tó tọ́jú. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, nọ́ńbà Benin ti kúrò ní mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi ṣáájú ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó ń jẹ́ +229 97 tẹ́lẹ̀ ti di +229 01 97. Bí oníbàárà yín tọ́jọ́ mẹ́ta kò bá wọlé mọ́, ó lè jẹ́ pé òun kọ́ ló ń sá fún yín.

Ní ti áàpù, díẹ̀ ló tó. Gboard ní pátákó ìkọ̀wé Yorùbá, ó fún wa ní ẹ, ọ àti ṣ, ẹni tó bá tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀ á rí àmì ohùn. Google Translate ti ní Yorùbá láti 2013, ènìyàn sì lè gba Faransé rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù nílé kí ó tó débi tí dátà kò sí, fún ìwé ẹnu bodè tí a kọ lédè Faransé. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ìgbohùnsílẹ̀ WhatsApp kò ní àfiwé. Láti 2013 ni ìyá tí kò mọ̀wé ti lè fi Yorùbá rẹ̀ ná ọjà láìwá ẹni tí yóò bá a kà á. Rédíò FM inú fóònù kò sì jẹ dátà rárá. Wáyà etí ni eriali rẹ̀.

Ohun tó kù kọjá agbára ẹni tó ra fóònù. Oṣù Kejìlá 2017 ni ECOWAS gbé òfin kalẹ̀ pé kí owó àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọjá ààlà dín kù káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà àti Benin jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kenya, Uganda àti Rwanda ti ṣe irú rẹ̀ láàárín ara wọn láti ìparí 2014. Kí NCC níbí àti ARCEP, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Benin, jókòó sọ́rọ̀ ẹnu bodè yìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìlárá, Ìdìròkò àti Ìmẹ̀kọ, níbi tí ènìyàn kò ti nílò láti kúrò nílé rẹ̀ kí wọ́n tó gbowó àlejò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn iléeṣẹ́ náà sì gbé máàsì tó lágbára wá sí apá ìhín. Ará ilé kò yẹ kó máa san owó àlejò.